Àgò Lọ́nà: Bí Àwọn Awakọ̀ Eré Ìje Ṣe Kọ́ láti Yà fún Ara Wọn

  

Bí ẹ bá ti rin ọ̀nà oko rí, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀nà náà kì í sábà fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn kan lè gbà lọ. Bí ẹni tí ó ru igi bá ń bọ̀ kíkankíkan lẹ́yìn ẹni tí ó ń rọra rìn, kì í kàn fi ẹrù ti onítọ̀hún sínú igbó. Láti òkèèrè ni yóò ti ké pé, "Àgò lọ́nà o!" Ẹni iwájú yóò gbọ́, yóò yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì dáhùn pé, "Àgò yà o!" Ẹlẹ́rù yóò kọjá, yóò sì dúpẹ́. Ìbéèrè kan àti ìdáhùn kan ni gbogbo rẹ̀. Àwọn bàbá wa kò kọ ọ́ sínú ìwé òfin kankan, síbẹ̀ gbogbo ọmọ tí a bí ire ni ó mọ̀ ọ́n.

Ìtàn tí mo mú wá fún yín lónìí dá lórí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń sáré ju ẹlẹ́rù lọ fíìfíì. Àwọn awakọ̀ eré ìje ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí àwọn náà ṣe kọ́ láti máa ké àgò àti láti máa dáhùn àgò, lórí ọ̀nà tí mọ́tò ti ń sáré ju 100 máìlì ní wákàtí kan lọ. Ohun tí àwọn dẹ́rẹ́bà wa ń pè ní ofatéèkì, èyí ni pé kí ọkọ̀ ẹ̀yìn kọjá ọkọ̀ iwájú, òun ni ó le jù nínú iṣẹ́ wọn. Òfin tí wọ́n fi ń ṣe é lónìí kò ti ọ̀run bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n fi ra púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, eré ìje mọ́tò kò ní pápá tirẹ̀. Ojú títì ọba ni wọ́n ti ń sá a, láti ìlú kan dé ìlú kejì. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1903, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọkọ̀ tí ó lé ní 200 bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra láti Versailles nítòsí Paris. Madrid, olú-ìlú ilẹ̀ Spéènì, ni wọ́n ń lọ. Ọ̀nà ìgbà náà kò ní ọ̀dà. Eruku tí ọkọ̀ iwájú ń tú sílẹ̀ a bo ojú ọ̀nà bí ìkúùkù, ẹni tí ó wà lẹ́yìn kì í sì í rí ju imú ọkọ̀ tirẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn, orí àwọn igi ẹ̀bá ọ̀nà ni awakọ̀ ń wò kí ó tó lè mọ ibi tí ọ̀nà gbà.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó sá eré náà ni Marcel Renault. Òun àti àbúrò rẹ̀, Louis, wà lára àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ mọ́tò Renault sílẹ̀. Nítòsí Couhé-Vérac, Marcel lé ọkọ̀ kan bá, ó sì wọ inú eruku ọkọ̀ náà láti kọjá. Kọ́nà wà níwájú, kò rí i. Ọkọ̀ rẹ̀ yà bàrá kúrò lójú ọ̀nà, ó sì dojú dé. Ó kú lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Louis ni ó kọ́kọ́ wọ ìlú Bordeaux. Ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fi eré náà sílẹ̀. Àwọn mìíràn kú pẹ̀lú, títí kan àwọn tí wọ́n kàn wá wòran lẹ́bàá ọ̀nà. Ìjọba dá eré náà dúró ní Bordeaux, kò sì sí ẹni tí ó dé Madrid nínú wọn.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó fa ikú Marcel. Ariwo ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kí ẹni iwájú mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀. Eruku kì í sì í jẹ́ kí ẹni ẹ̀yìn rí ohun tí ó wà níwájú. Kò sí bí ọ̀kan ṣe lè ké àgò, kò sì sí bí èkejì ṣe lè dáhùn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, òfin kò gbà kí mọ́tò sáré ju 20 máìlì ní wákàtí kan lọ lójú títì. Nítorí èyí, ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ Hugh Locke King ya apá kan nínú ilẹ̀ rẹ̀ ní Weybridge sọ́tọ̀, ó sì fi kọnkéré ṣe ọ̀nà tí ó yí po síbẹ̀. Brooklands ni wọ́n pe ibẹ̀, oṣù Kẹfà ọdún 1907 ni wọ́n sì ṣí i. Ọ̀nà náà fẹ̀ tó 100 ẹsẹ̀ bàtà. Ní àwọn kọ́nà rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè bí ògiri tí ó dagun, tí gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 29 ẹsẹ̀ bàtà, kí ọkọ̀ tí ó ń sáré má baà fò jáde.

Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ òfin eré ìje lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀? Kò sí. Eré ẹṣin ni wọ́n mọ̀, nítorí náà òfin ẹlẹ́ṣin ni wọ́n yá lò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, wọn kì í kọ nọ́ńbà sára ọkọ̀. Ẹ̀wù aláwọ̀ oríṣiríṣi ni awakọ̀ ń wọ̀ bíi ti ẹlẹ́ṣin, kí àwọn òǹwòran lè dá a mọ̀. Wọ́n tún yá àṣà mìíràn lò: ọkọ̀ tí kò lágbára ni wọ́n ń jẹ́ kí ó kọ́kọ́ gbéra, èyí tí ó lágbára jù a sì gbéra gbẹ̀yìn, kí gbogbo wọn lè máa súnmọ́ra bí wọ́n bá ń dé òpin. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó yára jù ni ó wà lẹ́yìn pátápátá, kíkọjá ni gbogbo eré náà. Fífẹ̀ ọ̀nà ni ó sì gbà wọ́n. Ọkọ̀ tí kò yára a dúró sí ìsàlẹ̀, èyí tí ó yára a gba òkè kọjá. Ohun tí Brooklands kọ́ wọn nìyẹn títí wọ́n fi pa eré ibẹ̀ tì ní ọdún 1939: kí ẹni tí a fẹ́ kọjá dúró sí àyè rẹ̀, kí ó má yà sọ́tùn-ún yà sósì, kí ẹni tí ń bọ̀ lè mọ ibi tí yóò gbà.

Ǹjẹ́, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilẹ̀ Faransé, sí ìlú Le Mans. Láti ọdún 1923 ni wọ́n ti ń sá eré kan níbẹ̀ tí ó ń gba wákàtí 24, tọ̀sán-tòru. Ọkọ̀ ńlá àti ọkọ̀ kékeré jọ ń sáré lójú ọ̀nà kan náà ni, nítorí náà gbogbo ìgbà ni ẹnìkan ń kọjá ẹnìkan. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1955, ní ìrọ̀lẹ́, Mike Hawthorn nínú ọkọ̀ Jaguar kọjá Lance Macklin tí ó wà nínú Austin-Healey tí kò yára tó tirẹ̀. Bí ó ti kọjá tán, ó yà sí ọ̀tún níwájú Macklin, ó sì tẹ bíréèkì, nítorí ó fẹ́ dúró gba epo. Ní ìgbà náà, kò sí ògiri kankan láàárín ọ̀nà eré àti ibi tí wọ́n ti ń gba epo. Macklin bá ọkọ̀ tí ń dúró níwájú rẹ̀ lójijì. Ó tẹ bíréèkì, ó sì yà sí òsì kí ó má baà kọlù ú. Ibi tí ó yà sí yìí gan-an ni Pierre Levegh ń gbà bọ̀ nínú ọkọ̀ Mercedes, pẹ̀lú eré tí kò ṣeé dá dúró. Mercedes gun ẹ̀yìn Austin-Healey, ó fò sókè, ó sì fọ́ sára òkìtì tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ́ńjìnnì àti àwọn irin mìíràn já kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì fò wọ àárín àwọn tí ń wòran. Àwọn òǹwòran tí ó lé ní 80 ni ó kú. Levegh náà kú.

Ohun kan wà nínú ìtàn búburú yìí tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbàgbé. Juan Manuel Fangio, ọmọ ilẹ̀ Ajẹntínà, ni ó ń bọ̀ lẹ́yìn Levegh. Ó bọ́ láàárín ìjàǹbá náà láìfarapa. Ó sọ lẹ́yìn náà pé Levegh na ọwọ́ sókè kí ó tó kọlu ọkọ̀ iwájú, láti fi kìlọ̀ fún òun, àti pé ọwọ́ yẹn ni ó gba òun là. Nínú ìṣẹ́jú àáyá tí ó kẹ́yìn ayé rẹ̀, ọkùnrin yìí rántí pé ẹnìkan ń bọ̀ lẹ́yìn òun.

Àwọn tí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà kò di ẹ̀bi rẹ̀ ru awakọ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n ní ọ̀nà náà ti dàgbà jù fún irú eré tí àwọn ọkọ̀ tuntun ń sá. Kí ó tó di ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n wó ibi gbígba epo náà, wọ́n tún un kọ́ sẹ́yìn, wọ́n sì mú kí ọ̀nà ibẹ̀ fẹ̀ sí i. Bí ará iwájú bá jìn sí kòtò, ará ẹ̀yìn a kọ́gbọ́n.

Lónìí, àsíá ni ẹnu tí pápá eré ìje fi ń sọ̀rọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ a dúró yí ọ̀nà ká pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ju àsíá aláwọ̀ ìyeyè, ewu wà níwájú, kí ẹnikẹ́ni má kọjá ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ju àsíá aláwọ̀ aró sí ọ, ẹni tí ó yára jù ọ́ lọ ti dé ẹ̀yìn rẹ. Ẹ ò rí i pé òṣìṣẹ́ ni ó bá ẹni ẹ̀yìn ké àgò yẹn? Nínú eré Formula 1, bí ẹni tí wọ́n ti fi odidi ìyípo kan ṣíwájú rẹ̀ bá rí àsíá aláwọ̀ aró lẹ́ẹ̀mẹta tí kò yà, ìyà ń bọ̀ fún un.

Síbẹ̀, òfin nìkan kì í tó bí ìwà kò bá sí. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 1993, ní Suzuka ní ilẹ̀ Jàpáànì, Ayrton Senna, ọmọ ilẹ̀ Bràsíl, ni ó ń ṣíwájú. Ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Eddie Irvine, tí ó ń sá eré Formula 1 rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì fi ìyípo kan ṣíwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Irvine ń bá ẹlòmíràn jà fún àyè tirẹ̀. Ó rò pé Senna ń fi òun falẹ̀, ó sì tún gba iwájú Senna padà. Senna ni ó gba ipò kìn-ín-ní ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n inú kò jẹ́ kí ó sinmi. Ó lọ bá Irvine níbi tí ó wà, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, ó sì lù ú. Ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní ọ̀gá, ẹ̀ṣẹ́ ni ó fi parí ọ̀rọ̀ àgò.

Ẹ lè máa sọ pé, "Olùkọ́, àwọn tí a ń san owó fún nìyẹn. Àwọn tí wọ́n kàn fẹ́ràn eré ńkọ́?" Ìbéèrè náà dára. Àwọn pápá wà tí ẹnikẹ́ni tí ó ní ìwé ìwakọ̀ ti lè san owó, kí ó sì wa ọkọ̀ tirẹ̀ bí agbára rẹ̀ bá ti mọ. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni Nürburgring ní ilẹ̀ Jámánì, láàárín àwọn òkè Eifel. Oṣù Kẹfà ọdún 1927 ni wọ́n ṣí i, apá àríwá rẹ̀ sì gùn tó kìlómítà 20.8 lónìí. Ní àwọn ọjọ́ tí ó wà fún gbogbo ènìyàn, òfin ojú títì Jámánì ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò yára a máa gba ọ̀tún, òsì nìkan ni a sì ń gbà kọjá. Ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà ní Jámánì, bí ó ti rí ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 tí a ti fi òsì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wa sílẹ̀.

Ní àwọn pápá mìíràn, wọ́n a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún irú àwọn awakọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ ìdíje. Kò sí ipò kìn-ín-ní, kò sì sí ẹ̀bùn. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọ̀nà, wọ́n a pe gbogbo wọn jọ, wọ́n a sì ka òfin ọjọ́ náà fún wọn. Ní ọ̀pọ̀ irú ibẹ̀, wọ́n a pín àwọn awakọ̀ sí ẹgbẹ́ bí ìmọ̀ wọn bá ti tó. Ibi tí ọ̀nà ti tọ́ gbọọrọ nìkan ni àwọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n ti ń kọjá ara wọn. Àwọn tí ó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ lè ní àǹfààní láti kọjá níbi púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìwà tí a ń retí lọ́wọ́ wọn pọ̀ ju ti àwọn ọmọ ẹ̀yìn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, pàápàá ní Amẹ́ríkà. Ẹni iwájú a máa wo dígí rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ó bá rí i pé ẹnìkan ti lé òun bá, a na ọwọ́, a sì fi ìka tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ tí ó fẹ́ kí onítọ̀hún gbà. Lẹ́yìn náà a dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ kí eré ọkọ̀ rẹ̀ lè rọ̀, kò sì ní kúrò ní ojú ìlà tí ó wà. Bí ọkọ̀ mẹ́ta bá ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò tọ́ka. Ìka kan fún ọkọ̀ kan ni. Ẹni tí a kò tíì tọ́ka fún kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé ẹ̀yìn ẹni tí a tọ́ka fún kọjá. Ẹni tí ó ń kọjá náà kò gbọdọ̀ dédé já wọ iwájú ẹni tí ó yà fún un. A dúró títí àyè tí ó tó yóò fi wà láàárín wọn. Ẹ rántí Le Mans. Bí ó bá sì kọjá tán, púpọ̀ nínú wọn a na ọwọ́ sókè láti dúpẹ́, bí ẹlẹ́rù ọ̀nà oko ti ń ṣe.

Òfin tí ó wúwo jù nìyí: ọrùn ẹni tí ó ń kọjá ni ẹrù wà. Ìyọ̀nda ni ìka tí ẹni iwájú nà, kì í ṣe àṣẹ, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé ọ̀nà mọ́. Ẹni ẹ̀yìn gbọdọ̀ fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Ojú èmi fúnra mi ti rí ohun tí ó jẹ́ kí n gba òfin yìí gbọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, mo wọ mọ́tò akérò kan, ẹ̀gbẹ́ dẹ́rẹ́bà ni mo sì jókòó. Lọ́rì kan tí ó kó igi gẹdú wà níwájú wa, ó ń gun òkè ní ìwọ̀n-ìwọ̀n. Ọmọ ọkọ̀ kan so rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí a ti ń tẹ̀ lé wọn, ọmọ ọkọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọwọ́. Dẹ́rẹ́bà wa ní, "Ó ní kí a máa bọ̀!" Kò wo ohunkóhun mọ́, ó yọ síta. Àfi gìrì tí mọ́tò mìíràn yọ sí wa láti orí òkè! Inú koríko ni a bá ara wa. Ọlọ́run yọ wá, kò sí ẹni tí ó kú, ṣùgbọ́n gbogbo ẹyin tí ìyá àgbàlagbà kan ń kó lọ sọ́jà fọ́ tán. Nígbà tí lọ́rì náà dúró, tí dẹ́rẹ́bà wa sì kọjú ìbínú sí ọmọ ọkọ̀, ọmọ náà kò mọ ohun tí a ń sọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, agbọ́n ni mò ń lé kúrò lójú mi."

A rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí àyà wa balẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́yin kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìdáhùn àgò gbọdọ̀ dájú kí a tó gbà á. Bí kò bá dá ọ lójú pé ìwọ ni wọ́n ń pè, má lọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àwọn awakọ̀ tí ó ti mọṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ a máa bẹ̀rù, ẹ̀rù náà a sì máa ṣọ́ ọ. Ọ̀gá ni kò fẹ́ kí a rí òun lẹ́yìn. Ọ̀gá ni ó ń rò pé bí òun bá yà, òun ti di ẹni ẹ̀yìn. Irọ́ ni. Ẹni tí ó yà fún ẹlẹ́rù lọ́nà oko kò di ẹrú ẹlẹ́rù. Ó fi hàn pé ilé ire ni òun ti wá. Lórí pápá, ẹni tí ó bá tètè tọ́ka tí ó sì jẹ́ kí ọkọ̀ tí ó yára kọjá, a tún ní àyè láti gbádùn eré tirẹ̀ láìsí ẹni tí ń lé e. Ẹni tí kò bá tọ́ka, ojú rẹ̀ a wà nínú dígí títí, ọkàn rẹ̀ a sì pín sí méjì bí ó ti ń wọ kọ́nà.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ fi Marcel Renault sọ́kàn, tí kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn nínú eruku. Ẹ fi ọwọ́ Levegh sọ́kàn pẹ̀lú. Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà wa, títì ọba kì í ṣe pápá eré ìje: kò sí aláàsíá ní kọ́nà wa, ọkọ̀ sì ń ti iwájú bọ̀. Bí àwọn tí ọ̀nà wọn kò ní ọkọ̀ tí ń bọ̀ níwájú bá ń dúró gba ìdáhùn kí wọ́n tó kọjá, kí ni ó yẹ kí àwa ṣe?

Àkókò mi pé. Ẹlòmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn mi lórí afẹ́fẹ́, ó sì ti ń ké àgò. Àgò yà o! Ó dìgbà kan ná.